Etí Ike

Láti Kánádà ni Fọ́lọ́runṣọ́ ti fi í ránṣẹ́ sí wa,
ike funfun méjì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ọ̀kan fún ẹ̀bá ibùsùn ọmọ,
ọ̀kan fún ìbàdí mi, bí ìdì kọ́kọ́rọ́ ìyá arúgbó.
Bí Mofìyìn bá mí kanlẹ̀ nínú yàrá,
iná aláwọ̀ ewé á ṣẹ́jú lára tọwọ́ mi;
bó bá sunkún, iná á pọ́n,
á máa gòkè bí ẹni ń gun àkàbà.

Màmá wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.
"Ṣé èyí ni yóò máa bá mi tọ́mọ?
Ike a máa gbọ́ràn, ike kì í pọnmọ.
Nígbà tí mo bí ẹ̀yin, etí mi ló ń ṣọ́ yín,
ẹ̀yìn mi ni ibùsùn yín."
Ó fi aṣọ ìnujú bò ó
bí ẹni bo ọbẹ̀ nítorí eṣinṣin.
Mo ṣí i. Ó tún bò ó.
Báyìí la ṣe é fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣojúure sí Ẹ̀fọ̀n.
Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa bí àlejò tí kò ní lọ.
NÉPÀ múná lọ. Bátìrì ku ìlà kan.
Aago méjì òru, mo wà nílé ìdáná lẹ́yìnkùlé,
mò ń se ìgò ọmọ nínú omi,
ìlẹ̀kùn mẹ́ta àti àgbàlá kan ló wà láàárín wa.
Ike ìbàdí mi ń dún ṣììì, bí òjò lórí páànù ọ̀nà jíjìn;
ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ pé kò sí nǹkan kan.

Àfi bí iná ṣe pọ́n.
Ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan. Mo ju ìgò sílẹ̀,
ṣùgbọ́n ohùn Màmá ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi,
ohùn Ẹ̀fọ̀n pọ́ńbélé, èyí tí kò fi bá wa sọ̀rọ̀ mọ́
látìgbà tí a ti wọ ilé-ìwé:
"Ké, ọkọ mi. Ké, kí ulé gbọ́.
Ọmọ tó ń ké, ọmọ tó wà láàyè ni.
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Adébọ̀, kò ké.
Irú ọyẹ́ báyìí náà ni. Mo wà lẹ́yìn ulé, mò ń yan gàrí,
mò ń sọ pé ọmọ yìí mà ní sùúrù,
mò ń yìn ín, ọkọ mi,
mò ń yìn ín títí gàrí fi jiná."

Adébọ̀.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti lò láyé,
èmi tí mo ń pe ara mi ní àkọ́bí,
èmi tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Morádéyọ̀.
N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí
àfi lẹ́nu ike tí wọ́n ṣe nílùú tí kò gbọ́ Yorùbá.

Mo dúró. Omi ìgò hó, ó hó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.
Bí mo bá wọlé, yóò mọ̀ pé mo gbọ́.
Bí n kò bá wọlé ńkọ́?
Ọmọ dákẹ́. Mo ń gbọ́ ọwọ́ Màmá lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́, pẹ́, pẹ́,
mo ń gbọ́ èémí méjì, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gùn,
títí bátìrì fi kú.

Ilẹ̀ mọ́. Màmá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń na ike méjèèjì sí ọmọ Fámúrewá tó ní jẹnẹrétọ̀,
ó ka igba náírà méjì lé e lọ́wọ́.
"Bá mi fi iná sí i. Kó kún dáadáa o."
Ó yíjú, ó rí mi.
"Kí lò ń wò? Etí mi kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."
Aṣọ ìnujú náà ti wà lórí okùn, ó ti fọ̀ ọ́.
Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ òru, Màmá."
Ó ní, "Lọ wo ìgò rẹ, ó ń rùn bí ohun tó jóná."